Ọ̀pá rẹ̀ ni kí o wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ewéko kan hù sí etí ọ̀nà tí mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí agboòrùn tí wọ́n ṣí, ewé rẹ̀ sì rí wínníwínní bíi ti kárọ́ọ̀tì gẹ́lẹ́. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ṣé kárọ́ọ̀tì inú igbó ni? Ṣé mo lè hú u jẹ?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má tíì hú u. Fọ́tò rẹ mọ́ dáadáa, àmọ́ ojú òdòdó nìkan ni o yà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ṣe máa ń ṣe! Ojú àwọn ará ìdílé kárọ́ọ̀tì jọra bí ìbejì. Abẹ́ òdòdó àti ọ̀pá ni àṣírí wọn wà.

Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o wo ọ̀pá yẹn. Bó bá jẹ́ kárọ́ọ̀tì igbó, ìyẹn Daucus carota, wàá rí irun ṣákaṣàka lára rẹ̀. Lábẹ́ òdòdó, ewé tín-ín-rín tó là bí ẹsẹ̀ ẹyẹ ló yí i ká. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyọ òdòdó kan tó pọ́n dúdú máa ń wà láàárín gbùngbùn funfun yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo ṣebí kòkòrò ni. Ṣùgbọ́n òmíràn kì í ní in o.

Bí ọ̀pá bá ń dán láìní irun, tí àmì aláwọ̀ àlùkò wà lára rẹ̀, hemlock nìyẹn, Conium maculatum. Májèlé ni, láti orí dé gbòǹgbò. Òun ni wọ́n fún Socrates, amòye ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, mu ní Áténì ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi. Ó máa ń ga ju ènìyàn lọ, ó sì ń rùn bí ìtọ̀ eku. Má torí òórùn fi ọwọ́ lásán rún un. Mo ti tu ọ̀kan nínú ìdílé yìí rí lábẹ́ oòrùn, oje rẹ̀ kàn mí, ọwọ́ mi sì léròrò fún ọjọ́ pípẹ́.

Ní ti jíjẹ, ọdún méjì ni kárọ́ọ̀tì igbó ń lò láyé. Tó bá ti yọ òdòdó bíi tìrẹ yìí, gbòǹgbò rẹ̀ ti le bí igi. Ọdún kìíní ni ìbá ṣeé jẹ, ìgbà yẹn gan-an ni kò sì ní òdòdó tàbí ọ̀pá tí wàá fi dá a mọ̀ yàtọ̀ sí hemlock. Èmi kì í jẹ ẹ́.

Ya ọ̀pá àti abẹ́ òdòdó náà wá, kí n lè dá ọ lóhùn tán.