Wọn ò tíì lé ọ: ka ojú ìwé tó kẹ́yìn

Àbúrò, o ní ẹjọ́ owó tí o ń béèrè nítorí èjìká tí o fi ṣèṣe nínú iṣẹ́ ológun, tó wà níwájú adájọ́ VA (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣe sójà) ní Amẹ́ríkà, “remand” ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ni pé adájọ́ dá fáìlì padà kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, o sì fẹ́ da gbogbo ẹ̀ nù kí o bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Jọ̀ọ́, má dán an wò. Tí wọ́n bá gbà fún ọ lọ́la, ọjọ́ tí o kọ́kọ́ béèrè ni wọ́n sábà máa ń ka owó náà láti, tí o kò bá ti jẹ́ kí ẹjọ́ já lọ́wọ́ rẹ. Bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, àwọn ọdún yẹn wọgbó nìyẹn.

Orúnkún ni tèmi. Mo já bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ní Kuwait, wọ́n fún mi ní Motrin, oògùn ìrora, wọ́n ní kí n máa lọ. (Ẹni tó bá ti ṣe sójà níbẹ̀ mọ oògùn yẹn!) Nígbà tí wọ́n dá fáìlì mi padà, ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ìyàwó mi ló ní kí n kàwé náà dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni adájọ́ to ohun tó ń fẹ́ sí, ní 1, 2, 3. Ó ní dókítà tó yẹ̀ mí wò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ológun ló fà á, àmọ́ kò sọ ìdí. Kò yà mí lẹ́nu: ọkùnrin yẹn ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́dọ̀ mi, kò tiẹ̀ ní kí n ká ṣòkòtò sókè.

Mo gbé ojú ìwé yẹn lọ bá dókítà tèmi. Gbólóhùn tí wọ́n ń wá ni “at least as likely as not”, ìyẹn ni pé bó ṣe lè jẹ́ pé iṣẹ́ ológun ló fà á kò kéré sí bó ṣe lè jẹ́ pé òun kọ́. Ààbọ̀ sí ààbọ̀ ti tó. Tó bá dọ́gba, sójà ni òfin ní kí wọ́n gbè. Ṣùgbọ́n kó kọ ìdí o. Tèmi fi káàdì ìtọ́jú ọjọ́ tí mo ṣubú wé MRI (àwòrán inú ara) tuntun. Lẹ́tà tí kò ní ìdí, ìwé tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà ni. Ọ̀rẹ́ mi tó fà mí dìde lọ́jọ́ náà kọ ohun tó rí sórí fọ́ọ̀mù 21-10210, èyí tí ẹlẹ́rìí máa ń kọ.

Tí wọ́n bá tún pè ọ́ fún àyẹ̀wò, lọ, kódà kí o pààrọ̀ ṣíìfù.

Tí ẹjọ́ rẹ bá wà lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2019, fáìlì kì í dá padà sọ́dọ̀ adájọ́ fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá tún kọ̀, ọdún kan lo ní láti fi gbé e síwájú.

Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìwọ̀n ìpalára tí wọ́n fi ń ṣírò owó, ni wọ́n fún mi; mo ṣì ń bá wọn fà á. Kí ló wà ní nọ́ńbà 1 tìẹ?