Ṣé ẹ̀sìn ṣì gba ọkùnrin láyè láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ? Kí ni kí n sọ fún ọmọ mi?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ọkun o. Ọmọ Kàbà ni mí, Birmingham ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ Ráfíà, ọmọbìnrin mi àgbà, ló gbé mi wá. Ọmọ ọdún 16 ni. Àbúrò ọkọ mi nílé fẹ́ so yìgì pẹ̀lú ìyàwó kejì lẹ́yìn Iléyá, wọ́n sì ti fi àwòrán ankara tí a máa fi ṣe aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Láti ọjọ́ náà ni Ráfíà ti ń bi wá pé ṣé èyí ṣì tọ́ nínú ẹ̀sìn lónìí. Bàbá rẹ̀ ní ayé àtijọ́ nìyẹn, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ lọ sórí YouTube, ó bá ààfáà kan níbẹ̀ tó ní sunna ni, ìyẹn ìṣe Ànábì, pé obìnrin tó bá kọ̀ ọ́, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pé. Ó wá bi mí pé bí ọkọ òun bá ṣe é lọ́la, ṣé ẹnu ni òun máa pa mọ́? Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fẹ́, ọmọ ìyàwó kẹta sì ni mí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa fojú burúkú wo ilé wa, mi ò sì fẹ́ kó gbà pé bó ṣe máa rí fún òun náà nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n sọ?

Ìyá Ráfíà


Ìdáhùn

Ìyá Ráfíà, Ọkun o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.

Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ kó má sọ ọ́ mọ́ pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kò kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀sìn gba ọkùnrin láyè títí dé orí ìyàwó mẹ́rin, mazhab mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn àwọn ilé ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn, ló sì fẹnu kò lórí ìyẹn. Ọmọ tó ní fóònù lọ́wọ́ kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i, bó bá sì ti rí i pé a fi bò ó, kò ní gba ohun mìíràn tí a bá sọ nípa ẹ̀sìn gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ààfáà orí YouTube yẹn náà sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó dúró. Ohun tí a yọ̀ǹda kì í ṣe ohun tí a pa láṣẹ. Ìrun márùn-ún, a pa á láṣẹ. Èyí, a yọ̀ǹda rẹ̀ ni, a sì fi májẹ̀mú dè é. Bó bá sì jẹ́ sunna ló ń wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbé pẹ̀lú Khadija, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, fún nǹkan bí ọdún 25, kò sì fẹ́ obìnrin kankan lé e títí Khadija fi jáde láyé. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka sunna yẹn nínú wáásí níbi yìgì ìyàwó kejì.

Ẹ jẹ́ kí Ráfíà ka ẹsẹ náà fúnra rẹ̀, ẹsẹ 3 nínú Sura Nisai. Ọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé lẹ́yìn ogun Uhud ló sọ̀ kalẹ̀, ogun ọdún 625 tí nǹkan bí 70 nínú àwọn Mùsùlùmí kú sí, tí opó àti ọmọ aláìníbaba pọ̀ ní Mẹ̀dínà. Urwa, ọmọ ẹ̀gbọ́n Aisha ìyàwó Ànábì, bi Aisha léèrè ìtumọ̀ ẹsẹ yìí, èsì rẹ̀ sì wà nínú ìwé Hàdíìsì Bukhari. Ó ní ọmọbìnrin òrukàn kan lè wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ rẹ̀, kí ẹwà àti dúkìá ọmọ náà wọ alágbàtọ́ lójú, kó fẹ́ fi ṣaya láìsan sàdáàkì tó yẹ ẹ. Àwọn tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun ń bá wí: bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ẹ kò ní ṣe déédéé pẹ̀lú àwọn ọmọ òrukàn, ẹ lọ fẹ́ nínú àwọn obìnrin mìíràn, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Kò tíì parí o. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ẹ kò ní ṣe déédéé láàárín àwọn ìyẹn náà, ẹyọ kan. Kí ẹ̀sìn tó dé, kò sí iye tí ọkùnrin Lárúbáwá kò lè fẹ́. Ghaylan, ará Thaqif, ní ìyàwó mẹ́wàá nígbà tó gba ẹ̀sìn, wọ́n ní kó mú mẹ́rin nínú wọn kó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Létí àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ yìí, dídínkù ni.

Ibi tí àríyànjiyàn òde òní ti wá ni ẹsẹ 129 nínú Sura kan náà: ẹ kò ní lè ṣe déédéé láàárín àwọn ìyàwó yín, bó ti wù kí ẹ fẹ́ ẹ tó, nítorí náà ẹ má fì sápá kan pátápátá kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ bí ẹni tí a so rọ̀. Àwọn kan gbé ẹsẹ méjèèjì pa pọ̀, wọ́n ní bí déédéé bá jẹ́ májẹ̀mú, tí Ọlọ́hun sì ti sọ pé kò ṣeé ṣe, a jẹ́ pé ẹyọ kan ló kù. Muhammad Abduh, onímọ̀ ẹ̀sìn kan ní Íjíbítì, bẹnu àtẹ́ lu bí àwọn ọkùnrin ṣe ń lo ìyọ̀ǹda yìí nílòkulò, ó ní aláṣẹ lè dí i. Ní 1956, Tùnísíà fi òfin dè é pátápátá. Mòrókò kò dè é, ṣùgbọ́n láti 2004, adájọ́ gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà wò kó tó gbà fún un. Pakistan ti ní irú ìlànà àṣẹ-kí-o-tó-fẹ́ bẹ́ẹ̀ láti 1961.

Ní tèmi, àlàyé àwọn onímọ̀ àtijọ́ ló wọ̀ mí lára jù. Wọ́n ní ìfẹ́ inú ọkàn ni ẹsẹ 129 ń sọ, èyí tí ènìyàn kò lè fi òṣùwọ̀n pín. Déédéé tí a fi ṣe májẹ̀mú ni ti òru, ilé, oúnjẹ àti aṣọ. Ẹ má wá rò pé ìyẹn rọrùn. Hàdíìsì sọ pé ẹni tó ní ìyàwó méjì tó fì sọ́dọ̀ ọ̀kan, bó ṣe máa jí dìde lọ́jọ́ àjíǹde ni pé apá ara rẹ̀ kan yóò ti wọ́. Ọkùnrin tí kò lè san owó ilé ìyàwó kan bó ṣe yẹ, kí ló fẹ́ fi pín?

Ó kan ilé wa wàyí. Ẹ kò ní láti bo ilé bàbá yín mọ́lẹ̀ fún ọmọ yín. Èmi náà, ọmọ Ìyàrá ni mí, ìyáálé nínú àwọn méjì ni màmá mi. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló gbé ìyàwó púpọ̀ wọ ilẹ̀ Okun. Ó ti wà níbẹ̀ kí ààfáà àkọ́kọ́ tó dé, kí àwọn òyìnbó ajíhìnrere SIM tó kọ́ ilé ìwòsàn sí Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn bàbá onígbàgbọ́ ní Yàgbà àti Ìjùmú tó fẹ́ méjì, mẹ́ta kò kéré, wọ́n kàn máa ń jókòó sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ oúnjẹ Olúwa ni. Ìyàtọ̀ ni pé Ìsìláàmù ní ó parí ní mẹ́rin, ó sì ní a máa bi ọ́ bí o ṣe pín in. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa gba ti mẹ́rin, wọn kò gbọ́ ti ìbéèrè.

Ohun tó mú ilé wọ̀nyẹn dúró náà kì í ṣe agbára bàbá nìkan. Oko ń fẹ́ ọwọ́. Ìyá kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀: aṣọ ni àwọn ìyá Bùnú ń hun, títí kan aṣọ pupa tí a fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àgbà tó lórúkọ, àwọn mìíràn ń ṣe gàrí, ń ná ọjà. Owó yẹn ló rán ọ̀pọ̀ nínú wa nílé ìwé. Ìyá tó kan láti se oúnjẹ alẹ́ mọ̀ pé ó kan òun, ọmọ tó bá sì ṣubú lágbàlá, ìyá tó bá wà nítòsí ló ń gbé e. Ìlara wà, ìjà wà, mi ò ní pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo rántí Ramadan kan tí ìyá mi àti orogún rẹ̀ kò bára wọn sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ ìtúnu. Ṣùgbọ́n orogún rẹ̀ náà ló tọ́jú mi nígbà tí ìyá mi lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Lọ́kọ́ja. Ẹ sọ méjèèjì fún Ráfíà. Bí ìyá yín bá wà láyè, ẹ pè é lórí fídíò kí ọmọ bi í léèrè fúnra rẹ̀, kí ẹ̀yin sì jáde nínú yàrá. Àwọn ìyá wa máa ń sọ ohun tí wọn kò sọ fún wa fún ọmọ-ọmọ.

Ìbéèrè rẹ̀ kejì ni kí ẹ fara balẹ̀ sí, ti ẹnu tí òun máa pa mọ́. Rárá o. Nígbà tí Ali fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin Abu Jahl lé Fatima ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Ànábì, Ànábì dìde lórí mínbárì, ó ní òun kò gbà, pé Fatima jẹ́ ara òun, ohun tó bá ń dùn ún ń dun òun. Ó sọ pé òun kò sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní hàláàlì di hàráàmù, ṣùgbọ́n kò gbà á fún ọmọ òun. Àwọn onímọ̀ ní àwọn ìdí tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, mo mọ̀. Síbẹ̀, ta ló tún lè sọ pé ìgbàgbọ́ obìnrin tí kò fẹ́ orogún kò pé?

Ọmọbìnrin lè ṣe àdéhùn kí a tó so yìgì. Mazhab Hanbali gbà pé bí obìnrin bá fi í ṣe májẹ̀mú pé ọkọ kò ní fẹ́ ẹlòmíràn lé òun, májẹ̀mú náà múlẹ̀; bí ọkọ bá yẹ̀ ẹ́, obìnrin lè jáde. Maliki, tí àwa ń tẹ̀lé nílé, kò fẹ́ràn irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀, kò sì kà á sí dandan fún ọkọ àyàfi bí wọ́n bá so ẹ̀tọ́ ìkọ̀sílẹ̀ mọ́ ọn: pé bí ọkọ bá fẹ́ ẹlòmíràn, àṣẹ àtijáde bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ báyìí, ó ní agbára. Bẹ́ẹ̀ sì ni Hàdíìsì wà pé àdéhùn tó yẹ kí a mú ṣẹ jù ni èyí tí a fi gba ìyàwó. Iṣẹ́ wálíì ni, ìyẹn bàbá rẹ̀. Kó jókòó pẹ̀lú lèmọ́mù ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé yìgì, kí ọkọ àti àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ yìgì gan-an, tí ìrẹsì ti jinná tí àwọn àlejò ti jókòó, kò sí ẹni tó máa jẹ́ kí ọmọbìnrin sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí inú mi kò dùn sí, ṣùgbọ́n kí ó gbọ́ ọ báyìí: lójú ọ̀pọ̀ onímọ̀, yìgì kejì múlẹ̀ bí ìyáálé kò tilẹ̀ gbà. Ẹni tó bá sọ fún un pé ìyọ̀ǹda ìyàwó àkọ́kọ́ pọn dandan nínú fiqh, ìyẹn òfin ẹ̀sìn, ń tù ú nínú lásán ni. Ìdí tí májẹ̀mú ṣáájú fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Ti ìkọ̀kọ̀ ni Maliki kò gbà: yìgì tí wọ́n bá ní kí àwọn ẹlẹ́rìí pa mọ́ sínú, ó ní kí a tú u ká.

Àti pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ráfíà máa gbé. Níbí, ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin tó tún lọ ṣe òmíràn lábẹ́ òfin lè ṣẹ̀wọ̀n títí dé ọdún 7; òfin 1861 ni. Ọgbọ́n tí àwọn ọkùnrin wa ń dá ni pé wọ́n á so yìgì nìkan, wọn kò ní dé ọ̀dọ̀ aforúkọsílẹ̀ rárá. Òfin kò rí wọn, ṣùgbọ́n òfin kò rí obìnrin náà pẹ̀lú. Ẹjọ́ kan wà tí Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn dá ní 2020, ti tọkọtaya tó so yìgì ní London ní 1998, tí ọkọ kò sì gbà kí àwọn lọ forúkọ sílẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n bímọ, wọ́n jọ gbé. Kọ́ọ̀tù ní kò sí ìgbéyàwó kankan níbẹ̀ lójú òfin, nítorí náà obìnrin kò lè béèrè ìpín bí ìyàwó. Ìyáálé ni ìyẹn o, kì í ṣe ìyàwó kejì. Nílé, ìyàwó kejì tí a so yìgì rẹ̀ lè gbé ọkọ lọ sí éríà kọ́ọ̀tù, Kógì sì ní Kọ́ọ̀tù Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ogún Mùsùlùmí. Níbí, ibo ló máa gbé e lọ? Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún àwọn ọmọ mi obìnrin pé aforúkọsílẹ̀ àti lèmọ́mù lọ́sẹ̀ kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ọkọ ṣì máa lọ ná.

Ní ti aṣọ ẹbí, ẹ má fipá wọ̀ ọ́ fún un. Bí ẹ bá máa lọ sílé, kó wọ aṣọ mìíràn tó bójú mu, kó lọ kí ìyáálé àbúrò ọkọ yín kó tó kí ìyàwó tuntun. Kó sì kí ìyàwó tuntun náà dáadáa; kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Owó ankara yẹn, mo rò pé kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyáálé. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ní ọmọ tó ń bi í ní ìbéèrè.

Ẹ gbàgbé láti sọ bóyá Ráfíà ní àbúrò ọkùnrin. Bó bá ní, kó jókòó tì í lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ka ẹsẹ náà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 2, níbi tí Ọlọ́hun ti ní kí a dá dúkìá ọmọ òrukàn padà fún un, kí wọ́n tó dé 3, kí ẹ má sì dúró títí ẹ ó fi dé 129.

Ìyá Ìdírísù, Manchester