Èsì: Má sáré lọ bá tarantula mọ́

Àbúrò mi ní Ṣágámù, kú ìrọ̀lẹ́. O ní gbogbo ìgbà tí o bá sún mọ́ tarantula, aláǹtakùn ńlá onírun, nínú Animal Crossing: New Horizons, géèmù orí Nintendo Switch, ló ń bù ọ́ jẹ, tí wàá sì jí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ. Eré tí o ń sá lọ bá a ló fà á.

Mú àwọ̀n rẹ dání, tẹ bọ́tìnì A, má sì gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀. Wàá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn. Bí tarantula bá gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, dúró gbọn-in. Bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, tún sún díẹ̀. Nígbà tí àwọ̀n bá lè kàn án, jọ̀wọ́ bọ́tìnì náà. Bí a ṣe ń yọ́ lọ bá ẹlẹ́ǹgà nínú koríko ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà èwe nìyẹn, àní o ò gbọdọ̀ mí sókè.

Ṣùgbọ́n aago méje alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí nìkan ni tarantula ń jáde, láti oṣù November sí April, bó bá jẹ́ ìlàjì ayé ti àríwá lo yàn fún erékùṣù rẹ. Láti May sí October, àkekèé ló máa ń gbapò rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ló ń mú un. Wo aago Switch rẹ dáadáa.

Fún Blathers, òwìwí tó ń bójú tó mùsíọ́mù inú géèmù náà, ní àkọ́kọ́ tí o bá mú. Ìyókù, jọ̀ọ́, má tà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní 8,000 Bells, owó inú géèmù náà. Tọ́jú wọn de Flick, ẹni tó ń ra kòkòrò níbẹ̀. 12,000 lòun máa san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.