Kọ́ orúkọ àìsàn ní èdè wọn kí ẹrù rẹ tó dé Kánò

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní wọ́n ti gbé ọkọ rẹ lọ sí Kánò lẹ́nu iṣẹ́, o ti ta ọjà inú ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Òṣogbo, ọmọ méjì wà lọ́wọ́ rẹ, ọ̀kan ọdún mẹ́fà, èkejì ọdún méjì, ẹ̀rù èdè Haúsá sì ń bà ọ́ ju ẹ̀rù ooru lọ. O wá ń béèrè bóyá kí o kọ́kọ́ jókòó sílé fún ọdún kan, kí ọkọ rẹ máa lọ máa bọ̀. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni. Èmi ti lé ní àádọ́ta, ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ ní àbúrò mi.

Oṣù kọkànlá ọdún 2006 ni mo dé Kánò láti Iléṣà. Èmi náà ò fẹ́ wá. Hotoro ni a ti kọ́kọ́ gba ilé, Hotoro náà ni mo sì wà títí di òní.

Má jókòó sílé. Tẹ̀ lé ọkọ rẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó di ẹrù, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Wọ́n á sọ fún ọ pé kí o kọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà. Ọjà lè dúró. Bí ẹlẹ́ran bá rẹ́ ọ jẹ, owó ló lọ. Orúkọ àìsàn ni kí o kọ́kọ́ kọ́.

Oṣù kẹrin ọdún 2007 ni, oṣù tí ooru ìlú yìí ń mú jù. Ọkọ mi wà ní Màídúgùri lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mi kejì ò tíì pé ọdún méjì. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń bì, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, nígbà tó fi máa di nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, kò sì sunkún mọ́. Ìwọ náà ti bímọ, o mọ̀ pé ọmọ tí kò sunkún mọ́ ń dẹ́rù bani ju èyí tó ń ké lọ. Mo gbé e jáde sínú òkùnkùn, mi ò sì mọ ilé tí màá kàn.

Ó ti di oṣù karùn-ún tí mo ti wà ládùúgbò náà. Ìyá kan ń gbé òdìkejì wa. Láràárọ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ kí mi, "Ina kwana", èmi á kàn mi orí, màá wọlé, màá ti ilẹ̀kùn. Ní Iléṣà, bí ọmọ ẹlòmíì bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà, a máa bi í léèrè ilé tó ti wá. Àmọ́ mo ti sọ ọ́ sí ara mi nínú pé mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi èdè wọn ṣe? Ọjọ́ Sunday nìkan ni ẹnu mi ń là, tí mo bá lọ sí ìsìn Yorùbá ní Sabon Gari. Ọjọ́ mẹ́fà yòókù, èmi àti àwọn ọmọ àti ògiri ni.

Ilẹ̀kùn ìyá yẹn ni mo lọ gbá. Ọkọ rẹ̀ ló jáde sí zaure, ìyẹn ọ̀ọ̀dẹ̀ àbáwọlé wọn. Ó wo ojú ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ó pe ìyàwó rẹ̀, ìyá náà fa mayafi borí, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, a sì wọ ọkọ̀ wọn. Wọn ò béèrè orúkọ mi.

Ilé ìwòsàn kékeré kan la gbé e lọ. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà gbọ́ Òyìnbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti gbé ìwọ̀nba èyí tí èmi gbọ́ lọ. Ó bi mí pé, "Ya yaron?" Mo mọ̀ pé ọmọ ló ń béèrè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní lẹ́nu, òun náà ni mo sì sọ: "Lafiya." Àlàáfíà. Ọmọ mi ń kú lọ lápá obìnrin míì, mo ń sọ fún oníṣègùn pé àlàáfíà ló wà.

Ìyá yẹn ló kọ́kọ́ yọ mí. Ó yíjú sí mi, ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó ju ọwọ́ náà síta bí ẹni tó ń bì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọwọ́ pa ikùn, ó nàka sísàlẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nàka sójú ọ̀run, ó fi hàn bí oòrùn ṣe ń rìn, ó ń béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Báyìí la ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi so omi mọ́ ọmọ náà lára. Ó ti wọ yunifásítì báyìí, ọlá Ọlọ́run.

Nítorí náà, kọ ìwọ̀nyí sínú ìwé kan, kí àwọn ọmọ rẹ máa bá ọ kà á: zazzabi ni ibà, amai ni èébì, zawo ni ìgbẹ́ gbuuru, tari ni ikọ́, ciwon kai ni ẹ̀fọ́rí, ciwon ciki ni inú rírun. Bí "ch" ni wọ́n ń pe "c" yẹn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé "Tun yaushe?", ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, "tun jiya" ni láti àná, "tun safe" ni láti àárọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dójú ẹ̀ lóru, "ku taimake ni", ẹ ràn mí lọ́wọ́. Èyí tó jẹ́ ọdún mẹ́fà nínú àwọn ọmọ rẹ máa gbọ́ Haúsá kí oṣù mẹ́ta tó pé, wàá rí i. Má ṣe tìtorí ẹ̀ sọ ọ́ di ẹnu tí o fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọdé ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé àìsàn, kò sì yẹ kí ó jẹ́ òun ló máa gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ ṣáájú ìwọ ìyá rẹ̀.

Kí n má gbàgbé. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé, àìsàn yírùnyírùn máa ń jà lápá Òkè Ọya. Sankarau ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1996 ó pa èèyàn púpọ̀ ní Kánò, àwọn tí mo bá níbí ṣì ń sọ ọ́. Wá abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún àwọn ọmọ, má sì jẹ́ kí wọ́n há mọ́ra sun nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná tí ọrùn rẹ̀ sì gan, má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì tí a ti ilé ìwòsàn dé, mo dín àkàrà, mo bò ó, mo gbé e lọ fún ìyá yẹn. Ó ṣí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Kosai!" Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti kírun Àsárì tán, á ránṣẹ́ sí mi, màá gbé ẹ̀fọ́ tí mo fẹ́ ṣà dání, a ó jọ jókòó sínú ọgbà wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èdè. Ìkíni ló kọ́kọ́ kọ́ mi, ọkàn mi sì balẹ̀ nígbà tí mo rí i pé ọmọlúàbí bíi tiwa ni. Bí a ṣe ń sọ "ẹ kú" mọ́ ohun gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ "sannu da": sannu da aiki ni ẹ kú iṣẹ́, sannu da zuwa ni ẹ kú àbọ̀, sannu da hutawa ni ẹ kú ìsinmi. Barka da yamma ni ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í sì kíni lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọmọ, iṣẹ́, àárẹ̀, àti òtútù tàbí ooru, èyí tó bá wà níta. Yorùbá tó bá ní ìkíni wọn ti pọ̀ jù, mi ò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tó pa wá pọ̀ pọ̀ gan-an pẹ̀lú. Albasa ni àlùbọ́sà, talaka ni tálákà, wahala ni wàhálà, addu'a ni àdúrà, tattasai ni tàtàṣé. Kó gbogbo ìwọ̀nyẹn jọ, wàá rí i pé o ti ní ibi tí o máa gbé ẹsẹ̀ lé. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi àdúgbò kan tó ń jẹ́ Ayagi hàn mí nínú ìlú àtijọ́, tí wọ́n ní àwọn Yorùbá oníṣòwò ló tẹ̀ ẹ́ dó láyé àtijọ́, tí àwọn ọmọ wọn ti di Haúsá pátápátá. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

Àwọn ìwà kan wà tí o ní láti mọ̀. Má na ọwọ́ sí ọkùnrin pé kó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí òun bá kọ́kọ́ nà án, ìyẹn yàtọ̀. Kìlọ̀ fún ọkọ rẹ kó má ṣe kọjá zaure wọ inú ilé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé wọ́n pè é, bó ti wù kó mọ baálé náà tó, nítorí àwọn obìnrin tó wà nínú. Kristẹni ni mí, kò sẹ́ni tó fi tipátipá dá hìjáàbù sí mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mi ò jáde láìsí ìborùn ńlá, ó sì ti di ara fún mi. Lásìkò ààwẹ̀, má jẹun níta. Ọjọ́ Jímọ̀, tètè parí ohun tí o bá fẹ́ ṣe kó tó di aago kan, torí ọ̀nà tó yí àwọn mọ́ṣáláṣí ká máa ń dí.

Ojú ọjọ́ ńkọ́? Bí o bá dé lásìkò ọyẹ́ bíi tèmi, ètè yóò là, imú àwọn ọmọ lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Mú òrí dání. Òtútù òwúrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré, mú bùláńkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ló burú jù. Lọ́dọ̀ wa, nígbà tí oṣù kẹta bá fi máa parí, àgbàdo ti ń hù. Níbí, mo wo ojú ọ̀run títí di oṣù kẹfà kí òjò gidi tó rọ̀. Ra àmù amọ̀ sínú ilé, randa ni wọ́n ń pè é, omi inú rẹ̀ á tutù kódà bí kò bá sí iná. Má fi ooru ọdún àkọ́kọ́ ṣèdájọ́ ìlú náà. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n sá padà sílé, oṣù kẹrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ.

Ti oúnjẹ ò tó nǹkan tó yẹ kó dà ọ́ láàmú. Èlùbọ́ wà ní ọjà Sabon Gari, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń tà á. Ayoyo ni ewédú, kuka ni ewé oṣè tí wọ́n gún kúnná, busasshiyar kubewa ni ọ̀rúnlá. Daddawa ni irú, ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé daddawar kalwa lo fẹ́, torí ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn. Tòmátì máa ń pọ̀ ní oṣù kìíní sí ìkẹta torí oko tí wọ́n ń bomi rin ní apá Kadawa. Rà á nígbà náà, kí o sá a gbẹ, nítorí tí òjò bá dé, á wọ́n. Òṣùwọ̀n wọn kì í ṣe kóńgò wa. Wo ìwọ̀n rẹ̀ dáadáa kí o tó máa fi owó rẹ̀ wé ti ilé.

O béèrè nípa ewu, mi ò sì ní purọ́ fún ọ. Mo wà níbí lọ́jọ́ Jímọ̀, ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 2012, nígbà tí bọ́ǹbù dún káàkiri ìlú, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kú, tí wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ilé wa ò ní oúnjẹ tó pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá kan náà yẹn ló ń gba orí ògiri gbé tùwó sí wa. Àwọn Yorùbá kan kó lọ lẹ́yìn rẹ̀, mi ò bá wọn wí, àwọn kan sì padà wá. Ojú ọ̀nà ló ń bà mí lẹ́rù jù báyìí: bí o bá ń bọ̀, ọ̀sán ni kí o rìn, kí o bi àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà léèrè bó ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Tí o bá dé, ọjọ́ kejì ni kí o ti mú àwọn ọmọ lọ́wọ́, kí o kí ilé tó kàn ọ́ lápá ọ̀tún, kí o kí ti òsì, kí o sọ orúkọ rẹ fún wọn. Má ṣe oṣù márùn-ún bíi tèmi. Sọ àdúgbò tí ọkọ rẹ ń wá ilé sí fún mi, bóyá Hotoro ni, Badawa ni, tàbí Naibawa, kí n lè sọ ilé ìwé tó sún mọ́ ọn fún ọ kí ilé ìwé tó wọlé.