Ìbuwọ́lù òbí kejì ni kí o kọ́kọ́ wá

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní PR Kánádà (àṣẹ láti máa gbé níbẹ̀ títí láì tíì di ọmọ ìlú) ni o ní, o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ Ìkéré níyàwó, ó sì ní ọmọkùnrin ọdún 9 tó bí fún ẹlòmíràn kí ẹ tó mọra. O fẹ́ mọ̀ bóyá o lè kó àwọn méjèèjì wá pọ̀, àbí ọmọ náà gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí o bá gba ìwé ọmọ ìlú.

O lè kó wọn pọ̀. PR tó. Ìwé kan náà ni: ìwọ ni onígbọ̀wọ́, ìyàwó rẹ ló ń bẹ̀bẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì pé 22 tí kò sì tíì gbéyàwó. Kò dìgbà tí o bá gbà á ṣọmọ ní kóòtù. Ní 30 April 2024, dọ́là Kánádà 1,205 ni wọ́n ń gbà fún ìyàwó, 175 fún ọmọ, 85 fún ìtẹ̀ka ìyàwó; iye náà lè ti yí padà. Ọmọ tí kò tíì pé 14 kì í tẹ̀ka. Owó àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n yàn yàtọ̀. Tún wo iye owó lórí ìkànnì IRCC, àjọ ìjọba Kánádà tó ń bójú tó ìwé ìwọ̀lú, kí o tó san án. Ibẹ̀ náà ni àwọn fọ́ọ̀mù wà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tà á fún ọ. O mọ̀wé, wàá kún wọn.

Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o gbé sókè lọ́tọ̀. IMM 5604 ni nọ́ńbà rẹ̀. Òbí tí kò bá ọmọ lọ ló ń fọwọ́ sí i, láti fi hàn pé òun gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ máa gbé ní Kánádà. Ojú ìwé rẹ̀ ò pọ̀. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé mi.

Ọkọ mi ni mo ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Ọmọ Ọ̀yẹ́ ni, ó sì ní ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ wà ní Ìkọlé. Ọkùnrin kan ní Adó tó ń pe ara rẹ̀ ní ògbógi ìwé Kánádà ti gba owó lọ́wọ́ ọkọ mi kí n tó gbọ́. Mo bi í léèrè lórí fóònù nípa ìbuwọ́lù ìyá ọmọ, ó ní ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, pé ọmọ tó bá ti ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ti bàbá ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú àṣà wa nìyẹn, kì í ṣe bó ṣe rí níwájú ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní Kánádà. A fi ìwé ránṣẹ́, lẹ́tà sì wọlé pé kí a mú fọ́ọ̀mù náà wá, wọ́n sì fi gbèdéke sí i.

Ìgbà yẹn ni a wá ń sáré lọ sí Ìkọlé. Ìyá ọmọ ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé wọ́n ń gbé ọmọ òun lọ sí òkè òkun, kò gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Ṣé o rí ibi tí ó ti bàjẹ́? Ó pa fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bọ́ sí i, ó sọ iye owó kan tí n kò fẹ́ dárúkọ níbí. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ ò béèrè owó, ohun tí ó ń sọ ṣáá ni pé, "Ọmọ ulé ria ni," ìyẹn ni pé ọmọ ilé wa ni. Ọkọ mi bínú, ó sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ, ọ̀nà sì dí pátápátá. Mo wà ní Kánádà níbí, mo ń ṣiṣẹ́ òru, bí mo bá jí, ọ̀rọ̀ gbèdéke ni mo fi ń jí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀ pé òun ń lọ. Ó máa ń bi mí lórí fídíò pé, "Màmá, ṣé ìwé wa ti jáde?" N kò mọ ohun tí màá sọ.

Nígbà náà ni ọ̀gbẹ́ni Adó yẹn wá mú ọgbọ́n rẹ̀ jáde. Ó ní kí a gba ìwé ìbí mìíràn tí orúkọ tèmi máa wà níbi tí orúkọ ìyá wà, tàbí kí a wá ìwé pé ìyá ọmọ ti kú. Ìyá tó wà láàyè ní Ìkọlé! Mo sọ fún ọkọ mi pé bí ó bá tún gbé ẹsẹ̀ dé ọ́fíìsì ọkùnrin náà, kí ó gbàgbé ìwé náà pátá. Àbúrò, gbọ́ mi dáadáa: irọ́ nínú ìwé bẹ́ẹ̀, ọdún 5 ni wọ́n ń tì ẹni tó pa á síta, wọ́n sì lè gba ìwé tí wọ́n ti fúnni padà. Ẹni tó bá ń gbowó lórí ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà Kánádà, tàbí nótárì Quebec, tàbí kí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ CICC, àjọ tó ń fún àwọn agbaninímọ̀ràn ìwé Kánádà láṣẹ, ìkànnì wọn sì wà fún gbogbo ayé láti wò. Ti ọ̀gbẹ́ni yẹn kò sí níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí á gba owó, ìwọ lo máa fi orúkọ rẹ jìyà.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe owó. Ìyá mi àti bàbá kan nínú ẹbí ọkọ mi ló gbé iṣu àti epo, wọ́n lọ jókòó ní agbo ilé wọn ní Ìkọlé. Wọn ò mú bírò dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kàn bẹ̀bẹ̀ fún bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni èmi àti obìnrin náà sọ̀rọ̀ lórí fídíò, àwa méjì péré. Ohun tó bi mí nìyí: "Ṣé ọmọ mi á ṣì máa pè mí ní ìyá?" Mo sọ fún un pé kò sí ìgbà tí màá gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. A fi ẹnu kò sí ọjọ́ tí ọmọ á máa pè é, a kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú lọ́yà, ó sì buwọ́ lù ú. Títí di òní, ọmọ kò fo ọjọ́ ìpè rẹ̀ rí.

Kò tán síbẹ̀ o. Orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ìdánimọ̀ tí a fi ti fọ́ọ̀mù náà kò bá ti inú ìwé ìbí ọmọ mu, orúkọ ilé ọkọ rẹ̀ tuntun ti wọ̀ ọ́. Ó di kí a búra ní kóòtù. Akọ̀wé kóòtù kan ń sọ fún un pé kó padà wá lọ́la, lọ́la, láti Ìkọlé! Ìwé tí kò ju ojú kan lọ. Títí di òní, inú mi ṣì ń ru bí mo bá rántí. Nítorí náà, yẹ orúkọ wò báyìí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ìwé ìbí ọmọ láti ọ̀dọ̀ àjọ ìkànìyàn, ìwé ìdánimọ̀ bàbá rẹ̀, ti ìyàwó rẹ.

Ní tìrẹ, bàbá ni òbí kejì. Má lọ bá a fúnra rẹ. Ọkùnrin kan kì í wá gba ọmọ lọ́wọ́ ọkùnrin mìíràn kí inú ilé tutù. Kí àgbà kan níhà ìyàwó rẹ lọ, ẹni tí ọkùnrin náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n lọ kí o tó san kọ́bọ̀. Bí ó bá ti kú, ìwé ikú rẹ̀ ni ẹ ó fi síbẹ̀. Bí a kò bá mọ ibi tó wà, kí ìyàwó rẹ kọ àlàyé, kí ó kó ẹ̀rí pé ó wá a jọ, pẹ̀lú àṣẹ kóòtù lórí ìtọ́jú ọmọ bí ó bá ní.

Bí bàbá bá sì kọ̀ tí ẹ rò pé kí ọmọ kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n sì yẹ ara rẹ̀ wò. Ọmọ tí ẹ bá fi pamọ́ lónìí, òfin ìwọ̀lú Kánádà 117(9)(d) lè dí ọ̀nà mọ́ ọn nígbà tí ẹ bá fẹ́ mú un wá lọ́la. Ìyẹn ti ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rí.

O ò sọ bí ẹ ṣe ṣe ìgbéyàwó. Bí o kò bá sí nílé lọ́jọ́ náà, tí wọ́n gbé fọ́tò rẹ sórí àga tí àbúrò rẹ dọ̀bálẹ̀ dípò rẹ, Kánádà kò kà á sí ìgbéyàwó láti 11 June 2015. Tọkọtaya gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fúnra wọn. Fọkàn sí i, wálé, kí ẹ lọ sí rẹ́jísírì. Bí ìyàwó rẹ bá sì ti ṣe rẹ́jísírì pẹ̀lú bàbá ọmọ rí, kóòtù ìbílẹ̀ kò lè tú u. High Court ni, ìdájọ́ àkọ́kọ́ sì ní láti pé oṣù 3 kó tó fìdí múlẹ̀. Kí ẹ má ṣe ìgbéyàwó tuntun ṣáájú ìyẹn.

Tí ó bá jẹ́ pé ìyàwó kan ló mú ìwọ náà wá sí Kánádà, ọdún 5 gbọ́dọ̀ pé lẹ́yìn tí o di PR kí o tó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ìyàwó mìíràn. Má sì kó padà wá sí Èkìtì láti dúró de ìwé. Kó o bẹ̀ wọ́n wò kò burú, ṣùgbọ́n PR gbọ́dọ̀ máa gbé ní Kánádà ni.

Àdéhùn tí o máa fọwọ́ sí, kà á kí o tó buwọ́ lù ú. Ọdún 3 ni ti ìyàwó rẹ, ọdún 10 ni ti ọmọ yìí, ó sì dúró kódà bí ìwọ àti ìyá rẹ̀ bá kọra yín sílẹ̀. Bí ìjọba bá fún un lówó ìrànwọ́ láàárín ìgbà náà, ìwọ ni wọ́n máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́. Tí ọkàn rẹ kò bá gba ọmọ náà, sọ fún ìyá rẹ̀ báyìí.

Ọjọ́ tí àgbà yẹn bá lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá ọmọ, kí wọ́n gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda pásípọ́ọ̀tù ọmọ pẹ̀lú IMM 5604 lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pásípọ́ọ̀tù ọmọdé ní Nàìjíríà náà ń fẹ́ ọwọ́ òbí. Bí bàbá ọmọ bá ti fèsì, kọ èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.