Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Irin Tí Ìbọn Kì Í Ràn Nínú Xevious

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi gbé Xevious, géèmù àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Japan tí a ti ń fi ọkọ̀ òfúrufú jagun, sórí kọ̀ǹpútà ilé wa, èmi àti òun la sì jọ ń gbá a. Ó ní bí èèyàn bá yìnbọn lu àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń yí bọ̀ láti òkè nígbà 256, wọn yóò fọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tí bọ́tìnnì ìjà fi jẹ́ méjì, tí ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì? Ó sì jọ lójú mi pé àwọn ọ̀tá máa ń le mọ́ ọn ju èmi lọ. Òǹkàwé yín.

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ti irin náà kúrò nílẹ̀. Bacura ni orúkọ rẹ̀, kò sì sí iye ọta tó lè fọ́ ọ; kí ẹ yà fún un ni. Àbúrò yín kọ́ ló dá ìtàn náà sílẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Japan ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ṣì wà ní gbọ̀ngàn géèmù. Lójú tèmi, iye náà gan-an ló mú un jọ òótọ́: 256 ni gbogbo òǹkà tí báìtì kan, ìyẹn ìwọ̀n kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan, lè gbà. Wọ́n sì rí ohun tó mú wọn fura, torí pé géèmù náà kún fún ohun ìkọ̀kọ̀. Àwọn ilé ìṣọ́ kan wà tó ń jẹ́ Sol, tí ojú kì í rí, àfi kí àmì tó ń lọ níwájú ọkọ̀ yín pọ́n nígbà tó bá dé orí wọn. Bọ́ǹbù àkọ́kọ́ á mú ilé náà yọ láti inú ilẹ̀, èkejì á sì wó o. Àsíà kan náà fara pamọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì rí i mú gba ọkọ̀ kan sí i.

Ní ti bọ́tìnnì, Masanobu Endō, tí Xevious jẹ́ géèmù àkọ́kọ́ tó ṣe ní ilé iṣẹ́ géèmù Namco, fẹ́ kí ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń fò kọjá lórí rẹ̀ jẹ́ ojú ogun pẹ̀lú. Nínú Galaga tí Namco ṣe ní 1981, òfúrufú dúdú àti ìràwọ̀ nìkan ló wà lẹ́yìn àwọn ọ̀tá. Nínú Xevious, igbó, odò àti aṣálẹ̀ ń kọjá lábẹ́ yín, títí kan àwòrán ẹyẹ ńlá tí àwọn ará àtijọ́ fà sórí ilẹ̀ ní Nazca, ní ilẹ̀ Peru. Ìbọn wà fún ohun tó ń fò, bọ́ǹbù wà fún ohun tó wà nílẹ̀, ibi tí àmì iwájú ọkọ̀ wà nìkan sì ni bọ́ǹbù ń bọ́ sí, nítorí náà ojú yín gbọ́dọ̀ wà lókè àti nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibí yìí ni adùn rẹ̀ wà.

Ohun tí ẹ kíyè sí nípa àwọn ọ̀tá tọ̀nà. Ètò inú ẹ̀rọ náà ń wo bí ọwọ́ èèyàn ṣe mọ́ tó: ó ń rán àwọn tó le sí ẹni tó ń ṣe dáadáa, ó sì ń dẹwọ́ bí wọ́n bá pa á. Bí ẹ bá ju bọ́ǹbù lu àwọn ilé roboto tó ń jẹ́ Zolbak, líle àwọn ọ̀tá á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníwàǹwára máa ń fò wọ́n kọjá. Bí ẹ bá ti rin ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbègbè kan kí ẹ tó kú, agbègbè tó tẹ̀ lé e ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì parí agbègbè 16, ẹ má retí òpin: agbègbè 7 ni yóò dá yín padà sí.