Ṣé lóòótọ́ lobìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ nílé aṣòfin Rwanda?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ní Rwanda, obìnrin ló pọ̀ jù nílé aṣòfin, mo ní irọ́ ni. Báwo ni wọ́n ṣe rí i ṣe? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n yín o, òótọ́ ni! Àga 80 ló wà nílé aṣojú-ṣòfin wọn, òfin 2003 ya 24 sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan, ọkùnrin ò lè du ìyẹn rárá, kì í sì í ṣe gbogbo ìlú ló ń dìbò sí i, àwọn kánsẹ́lọ̀ àti ìgbìmọ̀ obìnrin ládùúgbò ló ń yàn wọ́n. Àga 53 ni gbogbo ìlú ń dìbò sí, ibẹ̀ náà obìnrin tún ń wọlé. Nígbà tó fi máa di 2008, obìnrin ti di 45, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí lágbàáyé, 2013 ló wá di 51. Ẹ rántí ìpakúpa 1994 náà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin kú, àwọn kan wà lẹ́wọ̀n, obìnrin ló gbé ilé dúró. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ti dáa tán, torí Kagame ti ń ṣe ààrẹ láti 2000, kò sì wọ́pọ̀ kí aṣòfin kan, ọkùnrin ni o obìnrin ni, dìde kó ní òun ò gbà fún un.